Irun Orí Tolúwalọpẹ́

Bí ẹ bá rí mi tí mo ń dá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹ má rò pé orí mi ti dàrú. Àwọn iléèwé ni mo ń bá jà. Onídìrí ni mí ní Egan, ní ọ̀nà tó lọ sí Igando, ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jẹun. Mo lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, ìwé irun tí iléèwé àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù: ọ̀sẹ̀ kìíní, ṣùkú, ọ̀sẹ̀ kejì, kòlẹ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ kẹta, pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ títí wọn yóò fi gba họ́lídè. Ọmọ tó bá di kòlẹ́sẹ̀ wá lọ́sẹ̀ ṣùkú, ẹnu géètì ni yóò dúró sí títí oòrùn yóò fi pa á. Ẹni tó kọ ìwé yẹn kò fọwọ́ kan irun ọmọ ẹnikẹ́ni rí, mo lè búra.

Ohun tí mo mọ̀ nípa àwọn ọmọ yìí, àwọn ìyá wọn gan-an kò mọ̀ ọ́n. Orí ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí kò sùn, yóò sùn lọ láàárín itan mi kí n tó la ìlà kẹta. Ọmọ tí wọ́n ń lù nílé, orí rẹ̀ á máa sá fún ọwọ́ mi, bí mo tilẹ̀ rọra. Ṣùgbọ́n ta ló máa ń bi onídìrí léèrè ọ̀rọ̀? Wọ́n á kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Àǹtí Sìdí, ẹ yára díẹ̀ jàre, a ní lẹ́sìn." Sìdíkátù lorúkọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yára di irun kí ó dáa.

Nínú gbogbo orí tó ti gba abẹ́ ọwọ́ mi kọjá, ti Tolúwalọpẹ́ ló ń bí mi nínú jù. Kì í ṣe òun ló ń bí mi nínú o. Láti JSS1 ni mo ti ń di irun fún un, ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, ó wà ní SS3. Irun rẹ̀ kún, ó le, ó ti ṣẹ́ òòyà méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí mo bá fà á jù, kò ní pariwo, yóò kàn rọra ká ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò. Ìyá rẹ̀, ọ́fíìsì ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà; bàbá rẹ̀ wà ní Àbújá, orí fóònù ló ti ń ṣe bàbá. Àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé dókítà ni Lọpẹ́ máa jẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n orí ti Lọpẹ́, wọ́n ti fá a tán kí wọ́n tó pè é.

Ìparí oṣù kìíní ọdún ni mo kọ́kọ́ rí i. Lẹ́yìn etí ọ̀tún, ibì kan pá, kò ju bọ́tìnnì ẹ̀wù lọ.

"Lọpẹ́, kí ló ṣe ọ́ níbí?"

"Mi ò mọ̀, mà."

Mo ní làpálàpá ni. Ta ni kò mọ làpálàpá? Mo já ewé asúnwọ̀n lẹ́yìn ilé, mo gún un pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú, mo fi fọ ibẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú ọmọ ọlọ́mọ. Mo tún ń yangàn pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, yóò ti lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan pé, bọ́tìnnì ti di ìdérí ìgò.

Ó yẹ kí n ti fura. Làpálàpá máa ń yún èèyàn, ó máa ń ní èépá funfun. Èyí kò ní nǹkan kan, awọ orí mọ́, ó ń dán. Irun kéékèèké tó ṣẹ́kù síbẹ̀ kò dọ́gba, èyí gùn, èyí kúrú, bí oko tí ewúrẹ́ jẹ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dá ara rẹ̀ lójú kì í rí nǹkan. Mo tún fi asúnwọ̀n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ Àìkú kẹta ni àṣírí tú. Ó jókòó sáàárín itan mi, ìwé ìbéèrè JAMB wà lórí orúnkún rẹ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ti pàṣẹ pé kí ó máa kàwé bí mo bá ń di irun. Bí mo ṣe ń di apá òsì lọ, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gòkè, ó lọ sẹ́yìn etí. Ó ṣa irun kan, ó wé e mọ́ ìka, ó fà á tu, ó jù ú sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé. Ọwọ́ tún gòkè. Ojú rẹ̀ kò kúrò lórí ìwé. Ó ṣe é tó ìgbà mẹ́fà kí n tó gbá ọwọ́ náà mú.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe, mà?"

"Ìwọ lò ń fa irun ara ẹ tu!"

Ó wolẹ̀. Ó rí irun ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á jọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un lómi mu. Ìgbà náà ló wá ń rojọ́, ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ọdún méje lọ. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ló ń jí. Lẹ́sìn wà kí iléèwé tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́sìn tún wà lẹ́yìn iléèwé. Tó bá kúrò níbẹ̀, tutóríà JAMB ló kàn. Sátidé, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tutóríà ni. Bí bàbá rẹ̀ bá pè láti Àbújá, kò ní béèrè bóyá ó ti jẹun, "Èló lo gbà nínú máàsì?" ni ìkíni tirẹ̀.

"Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti ń jókòó láìsí tíṣà níwájú mi, mà," ló wí. "Irun yẹn, mi ò mọ ìgbà tí mo máa ń ṣe é. Tí mo bá wolẹ̀ ni mo máa ń rí i." Ó wá di ẹsẹ̀ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Sìdí, ẹ má sọ fún Mọ́mì. Wọ́n á ní mi ò fọkàn sí ìwé ni."

Mo gbà. Àánú ló ṣe mí tí mo fi gbà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Kò sí ohun tí ọwọ́ mi kò lè bò lórí èèyàn. Mo ti bo àpá iná, mo ti bo àpá ìjàǹbá mọ́tò fún ìyàwó tí wọ́n ń mú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sẹ̀ ṣùkú, mo gbé irun ìpàkọ́ gba orí ibẹ̀ kọjá. Lọ́sẹ̀ kòlẹ́sẹ̀, mo yí ìlà náà díẹ̀, kò sí tíṣà tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ á yẹ orí náà wò, á ní, "Ó dáa gan-an, ẹ ṣeun mà." Inú mi á máa dùn bí òmùgọ̀. Bí mo ṣe ń bò ó ló ń fẹ̀ sí i, nítorí kò sẹ́ni tó ń rí i tí yóò dá a dúró.

Mo ní oníbàárà kan, Fàdìlàt, nọ́ọ̀sì ni. Lọ́jọ́ kan tí mo ń di irun fún un, mo ro ẹjọ́ náà fún un láìdárúkọ ẹni.

"Ẹ yéé fi asúnwọ̀n fọ orí ọmọ yẹn," ló kọ́kọ́ sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. "Kì í ṣe làpálàpá, kì í sì í ṣe oríkunkun. Wàhálà ló pọ̀ jù fún un. Tí ọkàn bá ti kún tí ẹnu ò lè sọ ọ́, ara á wá ibi tó máa gbà jáde. Ẹlòmíì á máa jẹ èékánná, ẹlòmíì inú á máa run ún láràárọ̀ ìdánwò. Irun lòun ń fà. Ẹ má bú u, ẹ má lù ú. Ẹ fún ọwọ́ yẹn ní iṣẹ́ míì, kó sì máa rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbọ́ o. Àwọn ló ni àkókò ọmọ yẹn, ẹ̀yin kọ́."

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó rọrùn ni mo ṣe níbẹ̀, mo fi èyí tó le sílẹ̀.

Iṣẹ́ wo ni onídìrí ní tó ju irun lọ? Láàárín lẹ́sìn iléèwé àti tutóríà, Lọpẹ́ máa ń ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Mo ní kí ó máa yà sọ́dọ̀ mi. Mo kó àtáṣímẹ́ǹtì, irun àtọwọ́dá tí mo fi ń dirí àwọn àgbàlagbà, fún un pé kí ó máa yà á sí tín-ín-tín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń sáré lọ sẹ́yìn etí. Mo kàn ń tún òmíràn gbé lé e lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mú irun mẹ́ta kọjá lórí ara wọn. Ọmọ aládùúgbò mi kan wà, Hope, ọmọ ọdún márùn-ún, orí rẹ̀ ni Lọpẹ́ fi ń kọ́ṣẹ́. Ìlà kan wọ́, òmíràn tọ́, Hope kò bìkítà bí wọ́n bá ti fún un ní bísíkíìtì.

"Àǹtí Sìdí," Lọpẹ́ sọ lọ́jọ́ kan, ó ń wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, "ó dáa tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa máàkì èyí." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọmọ náà kẹ́yìn. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn etí rẹ̀, irun tuntun ti ń hù, ó rọ̀ múlọ́múlọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo rò pé mo ti borí.

WAEC ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ìyá rẹ̀ tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó sì bá Tolúwalọpẹ́ lórí àpótí, tó ń di irun fún Hope, ìwé rẹ̀ wà nínú báàgì.

"Tolúwalọpẹ́! Kí ni mo ń rí yìí?"

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ mà. Mo kàn..."

"WAEC ku ọ̀sẹ̀ méjì, ò ń dirun! Ṣé onídìrí lo fẹ́ dà ni?"

Mo jókòó síbẹ̀, òòyà wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú, mo ń tu itọ́ funfun. Mo ní, "Mọ́mì Lọpẹ́, ọmọ náà kàn ń sinmi díẹ̀ ni."

"Ìsinmi wo? Tó bá wọ yunifásítì, á sinmi!"

Irọ́ yìí ló ń mú mi bínú jù. Nígbà tó wà ní pírámárì, wọ́n ní tó bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì, á sinmi. Láti jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ilé ló sì ń sinmi níbẹ̀, kì í ṣe ọmọ. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n sọ ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí n sọ. N kò sọ ọ́. Ó ti fi iṣẹ́ mi bú mi lójú àwọn oníbàárà mi, inú ń bí mi, mo sì fi ìbínú pa ẹnu mi mọ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ. Ó ní kò gbọdọ̀ ya ọ̀dọ̀ mi mọ́, àti pé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ìkòtún ni wọn yóò ti máa ṣe irun rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e, mò ń wo ọ̀nà. Bí Lọpẹ́ bá ń kọjá, yóò kí mi láti òdìkejì, ìbòrí wà lórí rẹ̀, kò ní dúró.

Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Ìyá dì í mú lọ́rùn ọwọ́. Ọmọ kan wà láàárín itan mi, àwọn ìyá méjì sì jókòó pẹ̀lú ọmọ tiwọn lórí bẹ́ǹṣì. Láti ọdún mẹ́fà tí a ti mọ ara wa, "Àǹtí Sìdí, ẹ kú iṣẹ́" ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ yẹn kò kí mi.

"Sìdíkátù! Òòyà ìdọ̀tí ẹ ló kó làpálàpá ran ọmọ mi!"

Kí n tó dìde, ó ti ṣí ìbòrí náà kúrò lórí ọmọ rẹ̀ níta gbangba. Ó ní wọ́n ti lé wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù Ìkòtún, pé wọn kò lè fọwọ́ kan irú orí bẹ́ẹ̀. Mo wò ó. Ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Gbogbo irun tuntun tó hù ti lọ. Lọpẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì bo ibẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń já ọwọ́ náà kúrò kí gbogbo ayé lè rí i. Àwọn ìyá tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n fa ọmọ wọn lọ. Èyí tó wà láàárín itan mi náà bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdajì irun lórí.

"Lónìí yìí ni wọ́n máa fá gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀," ìyá ń wí. "Màá fi oògùn pa á."

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni yóò gba orúkọ mi sílẹ̀ ládùúgbò, ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo Lọpẹ́. Kò bẹ̀ mí mọ́, ilẹ̀ ló ń wò. Mo gbé gbólóhùn náà mì.

"Mọ́mì Lọpẹ́, òòyà mi mọ́."

"Ó mọ́, kí wá ló ṣe ọmọ mi? Àbí èmi ni mo..."

"Mọ́mì, òòyà kọ́ mà." Lọpẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ń fà á tu."

"Ìwọ ń ṣe kí ni?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi ń fà á, mà. Tí mo bá ń kàwé. Àǹtí Sìdí mọ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún yín."

Ìyá yíjú sí mi. Mo sọ orí kọ́. Ojú tì mí ju ìgbà tó pè mí ní onílàpálàpá lọ, nítorí èyí kì í ṣe irọ́.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀ l'órúkọ Jésù," ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọmọ tèmi kọ́." Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń tutù díẹ̀díẹ̀, mo ní, Ọlọ́run ṣeun, ó ti yé e. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa, ó ti yé mi. Ìwé ló ń le fún ẹ. O ò bá ti sọ, àbí? Mo máa pe tíṣà kẹ́mísìrì yẹn báyìí, kó máa wá sílé láràárọ̀ kó o tó jáde." Ó ti ń wá nọ́ńbà lórí fóònù rẹ̀.

Orí mi gbóná. N kò mọ ìgbà tí mo ju òòyà ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Kí lẹ sọ? Lẹ́sìn míì? Ọmọ ń rì, ẹ tún ń bu omi sí i! Láti JSS1 lẹ ti ń ka máàkì ẹ̀, ọjọ́ wo lẹ wo orí ẹ̀? Ẹ wò ó! Ẹ̀yin lẹ ṣí i fún gbogbo àdúgbò, ẹ̀yin fúnra yín ò tíì wò ó! Èmi náà jẹ̀bi, mo gbà. Ọwọ́ mi yìí ló bò ó mọ́lẹ̀, ó yẹ kí n ti wá bá yín látọjọ́ yìí, mi ò wá, ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bí i! Ẹ gbé fóònù yẹn sápá kan jàre, kẹ́ ẹ bi ọmọ yìí ní ohun kan ṣoṣo tí kò sí nínú ìwé!"

Mo ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn tó ń kọjá ti dúró. Mo rò pé yóò gbá mi létí, n bá sì gbà á.

Kò gbá mi. Ó gbé ọwọ́ tó fi di fóònù náà mú wálẹ̀. Ó yí padà sí ọmọ rẹ̀. Ó wo ibi tó pá náà, ó na ìka kan sí i, ó rọra fi kàn án bí ẹni tó ń wò bóyá ó gbóná. Lọpẹ́ dúró gbagidi.

"Tolúwalọpẹ́," ó ní, "tó o bá ń fà á báyìí, ṣé kì í dùn ẹ́ ni?"

"Kì í dùn mí, mà. Ìgbà tí mi ò bá fà á ló máa ń dùn mí."